Àwọn Ońṣẹ́ Inú Ewéko

Ohun gbogbo ni ó ní àkókò tirẹ̀, ewéko pàápàá sì mọ àkókò. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Òkìtìpupa dé Òde-Ìrèlè, kò sí àgbẹ̀ kan tí í bẹ ẹ̀gẹ́ kí ó tó ta gbòǹgbò, kò sì sí ẹni tí í kígbe mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé ìgbà àtipọ́n ti tó. Síbẹ̀, igi ẹ̀gẹ́ tí a gé tí a sì rì mọ́ ilẹ̀ a máa yọ ewé ní òkè, a sì máa ta gbòǹgbò ní ìsàlẹ̀. Ẹyìn a máa pọ́n, a sì máa já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìdí ọ̀pẹ. Èkùrọ́ tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ a sì hù lọ́jọ́ kan, bí ẹni tí a jí lójú oorun. Ènìyàn ní ọpọlọ tí ń darí ara rẹ̀, ẹranko sì ní in pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ewéko kò ní ọpọlọ, kò ní ojú, kò sì ní etí. Ta ni ó wá ń sọ fún un pé àkókò ti tó?

Inú ewéko fúnra rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí wà. Họ́mónù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè wọ́n. Họ́mónù jẹ́ èròjà tí apá kan lára ewéko ń pèsè, tí ó sì sábà máa ń ti ibẹ̀ lọ sí apá mìíràn láti sọ ohun tí yóò ṣe fún un: kí ó gùn, kí ó yọ ẹ̀ka, kí ó sùn, kí ó jí, kí ó pọ́n, tàbí kí ó já sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi lè pe họ́mónù ní ońṣẹ́.

Kò yẹ kí a ka ońṣẹ́ yìí mọ́ oúnjẹ. Omi, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rá ilẹ̀ ni ewéko fi ń bọ́ ara rẹ̀. Họ́mónù ni ó ń sọ bí yóò ṣe lo oúnjẹ náà. Bí a bá ń kọ́ ilé, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni ohun èlò. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá bíríkìlà kò wúwo rárá, síbẹ̀ òun ni ó ń sọ ibi tí ògiri yóò gbà àti ibi tí fèrèsé yóò wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni họ́mónù rí. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré púpọ̀ nínú ara ewéko, ṣùgbọ́n ohun ńlá ni ó ń ṣe.

Márùn-ún ni àwọn tí a mọ̀ jù lọ nínú wọn: auxin, cytokinin, gibberellin, abscisic acid àti ethylene. A ti rí àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n àwọn márùn-ún wọ̀nyí ni ó hàn gbangba jù lọ nínú iṣẹ́ oko.

Auxin ni a kọ́kọ́ mọ̀. Bí a bá gbin àgbàdo sí ibi tí igi ńlá ṣíji bò ní ẹ̀gbẹ́ kan, àgbàdo náà a máa tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 1880, Charles Darwin, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Francis ọmọ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wádìí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ọ̀mùnú koríko. Nígbà tí wọ́n bo ṣóńṣó orí ọ̀mùnú náà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kàn án, kò tẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n bo ìsàlẹ̀ tí wọ́n sì fi orí sílẹ̀, ó tẹ̀. Wọ́n wá mọ̀ pé orí ni ìmọ́lẹ̀ ń kàn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orí ni ó ń tẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ kan wà tí orí ń rán sí ìsàlẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 50 kọjá kí a tó mọ ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Frits Went, ọmọ ilẹ̀ Hóláńdì, gé orí ọ̀mùnú ọkà òótì, ó sì gbé e lé ohun kan tí ó dì bí ẹ̀kọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gé ègé kékeré nínú ohun dídì náà, tí ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí kùkùté ọ̀mùnú tí kò ní orí mọ́. Inú òkùnkùn ni ó ti ṣe é. Kùkùté náà bẹ̀rẹ̀ sí gùn ní ẹ̀gbẹ́ tí ègé náà wà, ó sì tẹ̀ sí òdìkejì. Ohun kan ti ti ara orí tí a gé wọ inú ohun dídì náà, ohun náà ni ó sì ń mú ọ̀mùnú gùn. Ní ọdún 1928 ni Went tẹ ìwádìí yìí jáde. Auxin ni a wá ń pe ohun náà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, auxin a kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ó ṣókùnkùn. Ẹ̀gbẹ́ yẹn a gùn ju èkejì lọ, ewéko a sì tẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀.

Ohun tí Went rí nínú yàrá ìwádìí, ojoojúmọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́. Láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀ ni auxin ń rìn nínú igi ewéko. Bí a bá gé igi ẹ̀gẹ́ sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan kì í gbàgbé èyí tí í ṣe orí àti èyí tí í ṣe ìdí rẹ̀. Auxin a ṣàn lọ kó jọ sí ìdí, níbẹ̀ sì ni gbòǹgbò ti ń yọ. Èyí ni àwọn àgbà ń tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bá ń sọ fún ọmọdé pé kí ó wo ojú igi ẹ̀gẹ́ dáadáa kí ó tó rì í, kí ojú náà kọjú sí òkè. Ẹ̀gẹ́ tí a dorí rẹ̀ kodò a máa pẹ́ kí ó tó rú, nítorí pé ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà kọjá ti yí padà sí ohun tí ilẹ̀ àti oòrùn ń fẹ́. Ní ilẹ̀ tí pùpùrù ti jẹ́ oúnjẹ pàtàkì, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń rì igi ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹni tí ó bá ṣe àìbìkítà nígbà gbíngbìn ni yóò ka iye tí ó pàdánù nígbà ìkórè.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí auxin ń ṣe. Orí ewéko tí ń dàgbà a máa rán an sí ìsàlẹ̀ láti dá àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ dúró kí wọn má ṣe yọ ẹ̀ka. Ńṣe ni ó dà bí olórí ilé tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà ní ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí a bá já orí náà, àwọn ojú ẹ̀gbẹ́ a jí, ẹ̀ka a sì yọ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn obìnrin tí ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé mọ èyí dáadáa. Dípò kí wọ́n hú ẹ̀fọ́ tegbòtegbò, wọ́n a já a lórí. Láìpẹ́ ìdí kan a di ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n a sì tún rí ẹ̀fọ́ já ní ìgbà púpọ̀.

Cytokinin ni ó ń bá auxin jà ní ọ̀rọ̀ yìí. Gbòǹgbò ni ó ti ń wá jù lọ, ó sì ń gòkè bí auxin ti ń sọ̀kalẹ̀. Òun ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì máa pín sí méjì-méjì, kí ojú ẹ̀gbẹ́ yọ, kí ewé má sì tètè gbó. Ní ọdún 1955, Carlos Miller àti Folke Skoog ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ yọ ohun kan tí ó jẹ́ irú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ti ń fi omi àgbọn tọ́ ègé ewéko dàgbà nínú ìgò, nítorí wọ́n ti rí i pé ohun kan wà nínú omi náà tí ń mú ara ewéko pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé cytokinin wà lára ohun náà. Omi tí ọmọdé ń mu tí ó fi ń pa òùngbẹ ni ọlẹ̀ àgbọn ń lò láti dàgbà.

Láti ara àìsàn ìrẹsì ni a ti mọ gibberellin. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Jàpáàn a máa rí ìrẹsì kan nínú oko wọn tí ó ga fíofío ju àwọn yòókù lọ, tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì máa ń ṣubú láìso ọmọ tí ó dára. Wọ́n pè é ní irúgbìn òmùgọ̀. Ní ọdún 1926, Eiichi Kurosawa fi hàn pé ohun abẹ̀mí tíntín kan, ìbátan èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu, ni ó ń tú oje kan sí ara ìrẹsì náà, oje náà ni ó sì ń mú un ga bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1935, Teijiro Yabuta fún oje náà ní orúkọ gibberellin. Ní àwọn ọdún 1950 ni ó wá dájú pé ewéko tí ara rẹ̀ le pàápàá ń pèsè gibberellin fúnra rẹ̀, ní ìwọ̀n tí ó yẹ ẹ́. Ohun tí ó ń mú igi ga dé ibi tí ó yẹ ni ó sọ ìrẹsì di òmùgọ̀ nígbà tí ó pọ̀ jù.

Gibberellin náà ni ó ń jí irúgbìn. Nígbà tí omi bá wọ inú ọkà, ọlẹ̀ inú rẹ̀ a rán gibberellin jáde pé kí a yí oúnjẹ líle tí ó wà nípamọ́ padà sí ṣúgà, kí ọ̀mùnú lè rí nǹkan jẹ. Èyí ni ìdí tí àwọn tí ń fi àgbàdo pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi ń jẹ́ kí àgbàdo kọ́kọ́ hù. Adùn tí wọ́n ń wá ti wà lọ́nà láti ìgbà tí irúgbìn bá ti jí.

Bí ó ti ní ẹni tí ń jí irúgbìn, bẹ́ẹ̀ ni ó ní ẹni tí ń mú un sùn. Abscisic acid nìyẹn, tí a mọ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun ni ó ń sọ fún ewé pé kí ó pa àwọn ihò tíntín ara rẹ̀ dé kí omi má bàa tán lára igi. Nínú irúgbìn, òun ni ó ń sọ pé kò tí ì tó àkókò. Bí irúgbìn bá hù ní gbogbo ìgbà tí ó bá fọwọ́ kan omi, òjò kan ṣoṣo tí ó rọ̀ ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ìbá mú gbogbo wọn jáde kí oòrùn sì pa wọ́n run.

Èkùrọ́ jẹ́ àpẹẹrẹ irúgbìn tí oorun rẹ̀ wúwo. Ẹni tí ó bá rì í sílẹ̀ lásán lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí díẹ̀ péré sì hù nínú ohun tí ó rì. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣán igbó tí oòrùn sì mú ilẹ̀ gbóná, ọ̀pẹ kéékèèké a máa hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Ooru ni ó ń tú oorun náà. Àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé ohun tí igbó ń ṣe yìí. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà lẹ́bàá ìlú Benin, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1939, tí ó di WAIFOR ní ọdún 1951, tí ó sì ń jẹ́ NIFOR láti ọdún 1964. Ọ̀nà tí a ń gbà jí èkùrọ́ ni pé kí a fi í sínú ooru tí ó tó 39 tàbí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kí a rẹ ẹ́ sínú omi lẹ́yìn náà, kí a sì gbé e sí ibi tí kò gbóná jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ a hù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí irú ọgbọ́n yìí, yóò ṣòro kí oko ọ̀pẹ ńlá bí irú èyí tí ó wà ní Òkìtìpupa tó rí irúgbìn tí ó tó gbìn ní àsìkò kan.

Ìkarùn-ún, ethylene, yàtọ̀ sí àwọn yòókù, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni. Ní ọdún 1901, Dimitry Neljubow ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà rí i pé afẹ́fẹ́ yìí, tí ń jò láti inú gáàsì tí a fi ń tan iná, ni ó ń mú kí ọ̀mùnú ẹ̀wà kan tí ó ń tọ́ nínú ilé ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Ní ọdún 1934, Richard Gane fi hàn pé èso fúnra rẹ̀ ń tú u jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún èso tí ó ti gbó pé kí ó pọ́n. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ni, ó lè ti ara èso kan dé ara èkejì. Ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí ó kọ́kọ́ pọ́n fi ń mú kí ìyókù ìdì náà tètè pọ́n, tí ìbẹ́pẹ pípọ́n tí a bá fi sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú agbọ̀n tí a bò sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Lára ọ̀pẹ, ethylene ni ó ń pinnu èrè ọdún. Nǹkan bí oṣù 5 tàbí 6 ni ó ń gba òdòdó ọ̀pẹ kí ó tó di ẹyìn pípọ́n, òpin àkókò yìí gan-an ni epo ń kún inú rẹ̀. Nígbà tí epo bá kún, ethylene a pọ̀ nínú ẹyìn, a sì sọ fún ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kí ó tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹyìn mélòó kan tí ó bá ti já sílẹ̀ ní ìdí ọ̀pẹ ni ìwé tí igi kọ sí àgbẹ̀ pé àkókò ti tó. Ẹni tí ó bá gé ìdì náà kí ìwé yìí tó dé yóò gbé epo díẹ̀ lọ sílé. Ẹni tí ó bá sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù yóò máa ṣa ẹyìn nínú koríko, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò ti fara pa, epo rẹ̀ yóò sì kan. Òótọ́ ni pé bó pẹ́ bó yá, ẹyìn ń bọ̀ wá di epo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ó pé ni ó ń jẹ epo tí ó dára.

Nígbà tí ènìyàn mọ ohùn àwọn ońṣẹ́ wọ̀nyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí sín wọn jẹ. Ibẹ̀ ni ànfààní wà, ibẹ̀ ni ewu sì wà pẹ̀lú. Láti òpin àwọn ọdún 1960 ni a ti ń fi oògùn kan tí a ń pè ní ethephon pa èèpo igi rọ́bà níbi tí a ti ń kọ ọ́. Oògùn náà ń tú ethylene jáde, oje funfun a sì máa sun fún ìgbà pípẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí a bá lò ó níwọ̀n, àgbẹ̀ a jèrè. Bí ojúkòkòrò bá wọ̀ ọ́, igi a rẹ̀, ojú ibi tí a ń kọ a gbẹ, oje kì í sì í sun mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn apakoríko tí a ń pè ní 2,4-D, tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1940. Auxin àtọwọ́dá ni. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ó ń mú kí koríko eléwé gbàràgbàrà dàgbà ní ìdàrúdàpọ̀ títí yóò fi kú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e lọ sí oko ẹ̀gẹ́ tàbí oko ẹ̀fọ́ aládùúgbò, kò mọ̀ pé koríko ni wọ́n rán òun sí.

Èyí tí ó burú jù ni ti kábáàdì, tí àwọn ajórin ń lò. Àwọn oníṣòwò kan a máa fi í sí abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tí ì gbó kí ó lè tètè pọ́n fún ọjà. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, ó ń tú afẹ́fẹ́ acetylene jáde, èyí tí ń ṣe bí ethylene. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ a di pupa rẹ́súrẹ́sú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ní adùn, nítorí pé èso tí kò gbó kò ní ohun tí yóò yí padà sí ṣúgà tó. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, kábáàdì ọjà sábà máa ń ní májèlé arsenic àti phosphorus nínú. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn ará Nàìjíríà léraléra pé kí wọ́n yẹra fún fífi í mú èso pọ́n. Ẹni tí ó fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tètè pọ́n kò ṣe aláìní ọ̀nà: kí ó jẹ́ kí ó gbó lórí igi, kí ó bò ó mọ́ inú agbọ̀n, kí ó sì fi èso pípọ́n kan sáàárín rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, kò sí ońṣẹ́ kan tí ń dá ṣiṣẹ́. Ohùn auxin àti ti cytokinin ni ojú ẹ̀gbẹ́ ń gbọ́ kí ó tó yọ. Ọ̀rọ̀ gibberellin àti ti abscisic acid ni irúgbìn ń wọ̀n kí ó tó hù. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Àwọn baba àti ìyá ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò gbọ́ orúkọ họ́mónù rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ẹ̀gẹ́, wọ́n mọ ẹ̀fọ́ jíjá, wọ́n sì mọ ìtumọ̀ ẹyìn tí ó já sílẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ti mọ ìdí rẹ̀ lónìí ní ànfààní ju tiwọn lọ. Ó lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun ran ewéko lọ́wọ́, ó sì lè mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun fi í sílẹ̀ kí ó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.